Ẹ̀rọ Alága Kò Ní Ilẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Olóyè Simeon Ayọ̀fẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún agbádá rẹ̀, torí agbádá náà ló máa ń kọ́kọ́ dé ibikíbi tí ọkùnrin náà bá ń lọ. Á wọlé, á gba àga, á tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó wá bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn agbádá ni ikùn. Lẹ́yìn ikùn ni fóònù mẹ́ta tí ó tò sí àpò àyà. Lẹ́yìn fóònù ni Olóyè fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn Olóyè ni Joel, akọ̀wé rẹ̀, tó ń ru báàgì, tó ń ru abẹ̀bẹ̀, tó sì tún ń ru ẹ̀rín tí yóò rín bí ọ̀gá bá dẹ́rìn-ín pa á.

Alága Ìgbìmọ̀ Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Ìlú ni Olóyè. Ẹ má bi mí pé ta ló dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí olú ni ìgbìmọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa: òjò kan á rọ̀, ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó bá a níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa pa ariwo lẹ́nu mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó bá bú ramúramù, wọ́n á kọ̀wé sí i. Ìyàwó ilé kan gún iyán lọ́jọ́ Àìkú ní Mólípà, wọ́n kọ̀wé pe odó. Odó kò yọjú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé odó náà jẹ́ aláfojúdi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí: kò sí nǹkan tó ń pariwo ní gbogbo ìlú tó ẹ̀rọ agbóhùnsókè ìgbìmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á pe ìlú jọ sí gbọ̀ngán wọn lọ́nà Ìjagun. Joel á tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á ní: hùùùùùùù. Kì í ṣe hù oyin, kì í ṣe hù ọkọ̀. Hùùù ẹni tí inú ń run tí kò fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́ ni. Bí fóònù Olóyè bá fẹ́ dún, sípíkà á ti mọ̀ ṣáájú fóònù, á máa ṣe tìtìtì-dírídírí, tìtìtì-dírídírí, bí ẹni tí eyín ń gbọ̀n. Nígbà mìíràn, wáyà makirofóònù náà á lọ gba rédíò wálé láìbéèrè, ẹ ó sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan ketekete láàrin ọ̀rọ̀ Alága: “Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ yín lẹ́nu? Ìdí ń ta yín? Ẹ má sunkún mọ́!” Ohùn ọkùnrin jẹ̀díjẹ̀dí yìí nìkan ni a máa ń gbọ́ yékéyéké nínú gbogbo ìpàdé náà.

Ohun tí Olóyè fúnra rẹ̀ ń sọ? Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Fún ọdún méjì gbáko! A ó rí i tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí, tí ó ń pa dé, tí ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ agbádá sókè bí igún tó fẹ́ fò. Joel á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú áńkáṣífù funfun. Bí áńkáṣífù bá ti gòkè, ìlú á pàtẹ́wọ́. Bó bá gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ìlú á dìde dúró. Lẹ́yìn náà ni Àsíátù oní-pọ́fù á gbé agbada pọ́fù rẹ̀ wọlé, tí ìlú á sì gba ohun tí ìlú bá wá. Ẹ má dá wọn lẹ́jọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, pọ́fù náà gbóná.

Bí ayé ṣe ń lọ nìyẹn títí lẹ́tà fi dé láti Abẹ́òkúta. Olùbádámọ̀ràn pàtàkì kan, ẹni ńlá tí mi ò ní dárúkọ, ń bọ̀ wá síbi Ọjọ́ Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ìgbìmọ̀ ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ Alága bá wọ̀ ọ́ létí, ipò tó ju èyí lọ ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ní ìrù: “Aṣojú tí a rán wá sí ìpàdé yín tó kọjá kò gbọ́ ohun tí Alága sọ. Jẹ̀díjẹ̀dí nìkan ló gbọ́.”

“Jẹ̀díjẹ̀dí kẹ̀?” Olóyè ké. “Joel, ṣé ìlú ò máa ń gbọ́ mi ni?”

“Ìlú ń gbọ́ yín, sà! Ẹ̀yin ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Etí Ẹ̀gbá ni, sà. Kò tíì mọ́ ọn lára.”

Síbẹ̀, ipò ni ipò. Olóyè pe ìpàdé pàjáwìrì. Wọ́n fẹnu kò pé hùùù náà kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kankan kó tó máa hù. Wọ́n kọ ìwé ta-ló-rán-ọ-níṣẹ́ sí i, wọ́n fún un ní ọjọ́ méje kó fi ariwo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó má baà sọ pé òun kò gbọ́, Joel dúró síwájú makirofóònù, ó kà á sí i létí, nípasẹ̀ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn pé: “Hùùùùù.”

“Ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́,” ni Olóyè wí.

Àárín ọjọ́ méje yẹn ni Bàbá Fálolú dé láti Ayépé. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, gìtá ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó wá kọrin ní Ọjọ́ Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. (Bẹ́ẹ̀ ni, olórin ni wọ́n pè síbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.) Gìtá àyálò ló gbé wá, torí tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a tún un ṣe. Ó ki wáyà bọ ẹ̀rọ, hùùù náà di méjì. Bàbá kò mikàn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé okùn gìtá, hùùù rọlẹ̀ di ẹyọ kan. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún di méjì. Ó gbé e lé e. Ó gbé e kúrò.

“Ọmọ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ni,” Bàbá Fálolú wí. “Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á dákẹ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á ké.”

Ojú Olóyè mọ́lẹ̀. “Joel, kọ ọ́ sílẹ̀! Láti òní lọ, mo fi Bàbá Fálolú jẹ Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì fún Alága lórí Ọ̀rọ̀ Okùn Dídìmú.”

“Olóyè, mo fẹ́ lo ọwọ́ mi láti ta gìtá.”

“Kò sí ohun tó kàn yín pẹ̀lú títa. Dídìmú ni iṣẹ́ yín.”

Bàbá Fálolú wò ó, ó wo gìtá, ó mí kanlẹ̀. “Ẹ pe Hikmah, Olóyè. Ẹ pe ọmọ Alhaji Zakariyah.”

Hikmah ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pòrógun, kò fẹ̀ ju ibùsùn méjì lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ olóhùn kan tó kú nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí kì í jí níbẹ̀. Makirofóònù ṣọ́ọ̀ṣì márùn-ún, sípíkà mọ́ṣáláṣí, ẹ̀rọ olórin, gbogbo wọn ló ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà lórí pẹpẹ rẹ̀ ju bí àwọn tó ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ lọ. Gìtá Bàbá Fálolú náà wà níbẹ̀, èyí tó ti bá bàbá náà sùn ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni Hikmah fi ń jẹun, òun ló fi ń bọ́ ọmọ méjì, mi ò sì ní padà sọ èyí lẹ́ẹ̀kejì.

Obìnrin náà wọlé pẹ̀lú híjáàbù àti sukudiráfà. Ó kúnlẹ̀ kí Alága, ó yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò, ó fi ẹ̀yìn ìka kan irin ara rẹ̀, iná díẹ̀ ta ìka náà. Ó nàró. Ó rẹ́rìn-ín bí oníṣẹ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín bó bá rí ohun tó ń wá.

“Alága, mo ti rí i. Ẹ ò ní ilẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn dúró díẹ̀ nítorí ẹni tí kì í ṣe ará ibí. Bí o bá sọ fún ọkùnrin Ìjẹ̀bú pé kò ní owó, á rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ibi tí ó fi í pamọ́ sí. Bí o bá ní kò lọ́gbọ́n, á pe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kó o ní kò ní ilẹ̀? O ti hú bàbá rẹ̀ jáde nínú sàréè nìyẹn, o sì ti sọ ọ́ di ayálégbé. Kò sì sí ẹni tó ti rò ó rí ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde pé Olóyè Ayọ̀fẹ́ kò ní ilẹ̀, àfi Olóyè Ayọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀.

“Èmi?” Agbádá dìde, ó tẹ̀lé e. “Èmi Simeon! Ọmọ Ayọ̀fẹ́! Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè! Ìwọ alẹ̀wáyà lásánlàsàn, ìwọ lo wá sọ fún mi nínú ọ́fíìsì mi pé mi ò ní ilẹ̀?”

“Háà, ẹ má bínú, sà! Ilẹ̀ ẹ̀rọ ni mò ń sọ. Wáyà ilẹ̀. A ó fi irin kan gún ilẹ̀, a ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí ariwo lè rí ibi gbà lọ.”

“Kí ẹ̀rọ mi máa gba ilẹ̀ lọ? Òkú ni?”

“Ó ń ṣépè, sà!” Joel fi kún un.

“Olóyè, ẹ jọ̀ọ́,” Bàbá Fálolú dá sí i, “ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń sọ.”

“Ẹ di okùn yín mú!”

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àgádágodo tó tóbi bí àgbọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Hikmah ní Pòrógun, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ILÉ ARIWO. Olóyè so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó fi agbádá bò ó. Ó kéde pé bí Ọjọ́ Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá kọjá, òun yóò fi gbogbo ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù náà ṣe gbàǹjo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ní ọjọ́ kejì, Olóyè jí pẹ̀lú ọgbọ́n. Èyí ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ó pe gbogbo ìgbìmọ̀ wá wò ó.

“Wọ́n ní ẹ̀rọ mi kò ní ilẹ̀,” ó wí. “Ó dáa. Ta ló ń fúnni nílẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, sà!”

“Ẹ fún un!”

Mo búra fún yín, wọ́n fún un. Wọ́n kọ ìwé onítáǹpù pé Púlọ́ọ̀tì Keje nínú ilẹ̀ tí ìgbìmọ̀ pín ti di ti Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè, òun àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ títí láé. Níbi tí ó yẹ kí onílẹ̀ tẹ ìka sí, Joel gbé bọ́tìnnì ẹ̀rọ tẹ tádàá. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ọn láyà, wọ́n sì fi páálí kan kọ́ ọ lọ́rùn: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan kí i kú oríire. (Ẹ̀yin tí ẹ bá ń bi ara yín pé ta ló ni púlọ́ọ̀tì kìíní sí ìkẹfà, ẹ gbọ́n ju ìlú lọ. Ẹ fi í sọ́kàn.)

Joel tan ẹ̀rọ. Onílẹ̀ tuntun ní: “HÙÙÙÙÙÙÙ.”

“Ìgbéraga ti wọ̀ ọ́,” ni ọmọ ìgbìmọ̀ náà wí.

Nígbà tí ọjọ́ kù mẹ́rin, Alhaji Zakariyah, bàbá Hikmah, wọ jàlámíà funfun, òun àti Bàbá Fálolú lọ bẹ Alága. Alhaji yìí ló ń bójú tó Yídì Òkè-Ọ̀pẹ, pápá gbàgede tí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò náà ti máa ń kírun ọdún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í gbàgbé. Joel dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo oyè Alága tán kí wọ́n tó wọlé. Oyè náà kún ojú ìwé kan. Bàbá Fálolú fi orin kà á. Nígbà tí wọ́n dé ìdí rẹ̀, ó ti rẹ Alhaji.

“Olóyè,” Alhaji wí, “ọmọ mi ò bú yín. Ẹ fún un láǹfààní kó tún ẹ̀rọ yín ṣe, kí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un.”

Olóyè fi ọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ agbádá bí ẹni ń pa ikùn aboyún. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ìkanra ń ṣe é, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ń bọ̀.

“Kó wá. Bí ariwo bá kú, kọ́kọ́rọ́ á jáde. Bí kò bá kú, gbàǹjo. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan báyìí lẹ́nu rẹ̀ mọ́!”

Joel sọ ọ́ di òfin lójú ẹsẹ̀: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pe ilẹ̀ ní ilẹ̀ nínú ọgbà ìgbìmọ̀ náà. “Ibi tí ẹsẹ̀ ń dé” ni kí wọ́n máa pè é.

Bẹ́ẹ̀ ni Hikmah ṣe dé pẹ̀lú ọ̀pá irin gígùn kan àti òòlù.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Búrọ̀dá Joel. Ibo ni mo ti lè rí… ibi tí ẹsẹ̀ ń dé, tó rọ̀ díẹ̀?”

“Kí lo fẹ́ fi ibi tí ẹsẹ̀ ń dé ṣe?”

“Mo fẹ́ gún un.”

Joel wo ìwé òfin. Kò sí gígún níbẹ̀. Ó jẹ́ kó lọ.

Hikmah da omi sí ilẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, ó kan irin náà wọlé títí ó fi ku orí rẹ̀, ó fa wáyà láti ibẹ̀ wá sí ara ẹ̀rọ. Ó ká wáyà makirofóònù kúrò lára wáyà iná, tí àwọn méjèèjì ti ń lọ́ mọ́ra bí ejò láti ọdún méjì. Ó já iná aláràbarà tó kọ orúkọ Olóyè sára ògiri kúrò lójú iná tí ẹ̀rọ ń lò, ó gbé e lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ló wo àyà Alága.

“Fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sà. Ẹ má gbé wọn dé ìdí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.”

“Bí ààrẹ bá pè mí ńkọ́?”

“Joel á sọ fún un pé ẹ ń sọ̀rọ̀.”

Èyí wọ Olóyè lára. Ó fún Joel ní fóònù.

“Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn,” Hikmah wí.

Bàbá Fálolú gbé ọwọ́ kúrò, ó di ojú. Kò sí hùùù. Kò sí tìtìtì. Oníjẹ̀díjẹ̀dí ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọ gbọ̀ngán náà bí àlejò tí a kò retí, gbogbo wa sì ń wo ara wa, a ò mọ ohun tí a ó fi ṣe é lálejò. Abẹ̀bẹ̀ òkè ń dún. Inú Joel kùn, gbogbo èèyàn gbọ́.

“Kọ́kọ́rọ́ mi, sà,” Hikmah wí jẹ́jẹ́.

“Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi,” Olóyè dáhùn. “Ta ló mọ̀ bóyá ariwo ń sinmi ni?”

Ọjọ́ Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pé. Ẹni ńlá Abẹ́òkúta jókòó níwájú, àwọn àgbà Yídì jókòó sápá ọ̀tún, ìlú kún inú àti ìta, oòórùn pọ́fù Àsíátù gba ojú fèrèsé wọlé. Hikmah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn Olóyè. Joel fi ogún ìṣẹ́jú ki ọ̀gá rẹ̀: “Erin tí ń mi igbó kìjikìji! Òkun tí kì í hó! Ẹni tó sọ fún ààrá pé kó rọra, tí ààrá tọrọ gáfárà!” Ó gbé áńkáṣífù. A pàtẹ́wọ́. Olóyè dìde, ó fẹ́ agbádá, ó ya ẹnu.

“Ẹ̀yin èèyàn mi.”

Ohùn náà jáde gaara, ó kan ògiri, ó padà wá bá wa.

“Háà!” Àsíátù ké lójú fèrèsé. “Yorùbá ló ń sọ? Èmi ti rò pé Lárúbáwá ni látọjọ́ yìí!”

Ẹ̀rín sọ. Olóyè rò pé ayọ̀ ni. Ó fún wọn ní ẹ̀rín padà, ó sì tẹ̀síwájú pẹ̀lú ohùn tó ti sanra sí i.

“Ẹ̀yin èèyàn mi! Nígbà tí mo dé orí oyè yìí, ariwo gba ìlú kan. Àkùkọ ń kọ láìgba àṣẹ. Ọmọ titun ń ké láìwo aago. Lónìí ńkọ́? Èmi ni mo jókòó lé ariwo lórí! Àwọn èèyàn a máa bi mí pé, Alága, báwo ni ẹ ṣe gbọ́n tó báyìí? Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ má bi mí, ẹ bi àwọn tó bí mi!”

Joel gbé áńkáṣífù. Àtẹ́wọ́ náà jáde ní ẹyọ-ẹyọ. Ó nira láti pàtẹ́wọ́ fún ohun tí èèyàn bá gbọ́.

“Àwọn ọ̀tá mi sọ pé ẹ̀rọ yìí kò ní ilẹ̀. Ẹ wò ó láyà! Ìwé rẹ̀ nìyẹn! Mo fún un ní Púlọ́ọ̀tì Keje ní Yídì Òkè-Ọ̀pẹ, níbi tí àwọn ará wa ti ń kírun ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, tí ilẹ̀ wá ń ṣòfò láwọn ọjọ́ tó kù. Ẹ̀rọ náà kò sì dá wà níbẹ̀! Ìkìíní tèmi ni, ìkejì ti ìyá àwọn ọmọ mi, ìkẹta ti Joel, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ló gba ìyókù. Aládùúgbò rere la jẹ́ fún un!”

Joel kò gbé áńkáṣífù. Mo rí i tó fi nu ojú.

Alhaji Zakariyah dìde, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dìde láti orí ẹní ìrun.

“Olóyè, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá wa tún ibẹ̀ yẹn sọ.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọkùnrin yìí, kò sí ẹni tó ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lómi. Ó sún mọ́ makirofóònù, ó tún un sọ, ó rọra sọ ọ́, ó dárúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí inú wọn lè dùn.

Gbọ̀ngán gbiná.

“Yídì wa!” “Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún ìrun!” “Audhu billahi!” “Ó fún sípíkà nílẹ̀ Yídì!”

“Kí rèé?” Olóyè ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ẹnu sì ń yà á ní tòótọ́. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ pàtẹ́wọ́ ni? Èṣí ni mo sọ ọ́ fún yín, níbí yìí! Ẹ pàtẹ́wọ́! Ẹ tiẹ̀ dìde dúró! Joel, ka ìwé ìpàdé!”

Joel ṣí ìwé èṣí, ó kà á. “Alága bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí pípín ilẹ̀ Yídì. Ìlú pàtẹ́wọ́, ìlú dìde. Lẹ́yìn náà, Alága gbà wá níyànjú lórí jẹ̀díjẹ̀dí.”

“Hùùù là ń gbọ́!” ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

“Pọ́fù la wá jẹ!” ẹlòmíràn ṣe ẹ̀rí. Èmi ni.

Ibẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ti wá yé Olóyè. Mo rí i tó yé e. Ó wo ẹ̀rọ náà bí ọkọ ṣe ń wo ìyàwó tó ti lọ. Ọdún méjì ni hùùù náà fi bò ó láṣìírí, òun gan-an ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ rán an lọ.

“Hikmah!” ó bú sígbe. “Hikmah, ọmọ mi! Dá a padà! Dá ariwo náà padà!”

“Kọ́kọ́rọ́ mi, sà.”

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ agbádá. Kọ́kọ́rọ́ ti lọ́ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́ mọ́ ọ̀já, ó fà á, fìlà ṣubú, ìlẹ̀kẹ̀ já, ó ń fọ́n káàkiri ilẹ̀ níwájú ẹni ńlá Abẹ́òkúta. Makirofóònù gbé ìró ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún wa. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. “Gbà! Yára! Yọ wáyà yẹn!”

Hikmah gba kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tirẹ̀ ni. Ó so ó mọ́ etí híjáàbù rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ bí ọmọlúàbí.

“Ẹ ṣé o, sà. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹ̀rọ ti ní ilẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí ẹ ò ní.”

Ọ̀rọ̀ náà gba sípíkà jáde ketekete, ó dé ìta, ó kọjá lójú títì. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjagun. Ìjẹ̀bú máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí lè jẹ́ òótọ́.

Ẹni ńlá Abẹ́òkúta dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí fìlà, ó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti yọ Alága, wọ́n ti ya ìwé púlọ́ọ̀tì méjèèje, Yídì sì padà di Yídì. Alhaji Zakariyah ní ẹ̀rọ yẹn nìkan ni òun dárí jì nínú àwọn méje, torí òun nìkan ni kò fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ilẹ̀. Joel kò jìyà kankan. Ó ti ń ru báàgì Alága tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Ọlámidé, ọkùnrin ọmọlúàbí tí gbogbo ìlú yìn pé kò ní ìgbéraga.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlámidé yìí ló yà sí ṣọ́ọ̀bù Hikmah ní Pòrógun lọ́sẹ̀ kẹta tó gorí oyè. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, Bàbá Fálolú jókòó lórí àpótí, ó ń tọ́ gìtá rẹ̀ tó ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ wò, ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi odò. Alága tuntun wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó tẹ ẹnu mọ́ Hikmah létí.

“Ọmọ mi, ìyẹn hùùù àtijọ́ yẹn… ṣé èèyàn lè rí díẹ̀? Kó má pọ̀. Èyí tó lè bo ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì.”

Hikmah wò ó. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì sípíkà tí wáyà gìtá wà lára rẹ̀, ó yí ohùn gìtá Bàbá Fálolú sókè dé òpin.

“Ẹ tún un sọ, sà,” ó pariwo. “Mi ò gbọ́ yín!”